Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Mosúnmọ́lá Pariwo

Àwẹ̀ró ki ẹnu àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé wáyà bọ abẹ́ ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fún un. Ẹ̀gbà náà kò gé. Ó tún un fún, ó wa eyín pọ̀. Ẹ̀gbà kò mira. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀ ń tàn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé láburú kankan kò sí nílé ayé.

“Ìyá mi, kí lẹ ń ṣe?”

“Gbé ọwọ́ rẹ jẹ́ẹ́.”

“Àwọn ará Ilé Ìtura á gbọ́ o.”

“Kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní etí, àbí wọn ò ní?”

Ó wá fi gbogbo ara tì í. Ẹ̀gbà sọ kẹ̀ú, ó já, ó ta sórí pákó. Iná ojú rẹ̀ kúrò ní ewé, ó di pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ tí àṣá gbé ìyá rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró ṣà á, ó jù ú sínú àmù, ó fi ọmọrí dé e. Ó ń ké nínú omi níbẹ̀.

“Ìyá Mosún! Ṣé ara tutù?” Ìyá Rábíù ni, aládùúgbò wọn tí ògiri páànù kan ṣoṣo pààlà sáàárín wọn.

“Ó tutù, Ìyá Rábíù. Tiyín ńkọ́?”

“Tèmi tutù bí omi òjò. Kí ló ń ké lọ́dọ̀ yín?”

“Eku ni.”

“Eku! Eku tí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbà báyìí, ẹ má jẹ́ kó bímọ síbẹ̀ o.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ bó ṣe ń wọ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n wá pe òun ní ẹlẹ́rìí.

Ní Orí-Omi, ìlú tí wọ́n fi pákó àti àgbá kọ́ sójú òkun lẹ́yìn tí òkun ti gbé ilẹ̀ àtijọ́ mì, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ṣé dáadáa lẹ jí. Ara tútù ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, ẹ̀gbà á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbà náà ló ń kán oògùn sínú ẹ̀jẹ̀, tí èèyàn kì í fi í mọ ìrora, tí ara kì í fi í wú, tí kì í fi í gbóná. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, àgbà ilé á ní, “Ẹ rọra jẹ o, ẹ má jẹ ahọ́n,” torí ẹni tí kò mọ ìrora lè rún ahọ́n ara rẹ̀ mọ́ ẹja, kó sì ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún un fún òun. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kóówá á jókòó kọjú sí ará ilé rẹ̀ fún yíyẹ-ara. Wọ́n á fi ẹfun kun àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àti àárín ìka, wọ́n á wá máa wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti là á. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọn ò mọ nǹkan mìíràn tí wọn ì bá tún máa wá.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti ṣìnà. Lọ́jọ́ tí Mosúnmọ́lá bá wọn ṣa ẹja ní èbúté, nígbà tí wọ́n ń yẹ ara wò, ó rí àmì dúdú bíńtín lórí ẹfun àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ọ̀dà ara ọkọ̀ ni. Ó fi àkísà tó rin fún kẹrosíìnì nù ún, àmì náà lọ, ó sì ní kí ọmọ máa lọ sùn. Kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ̀gún òbòkún ló gún un, tó kán sínú, tí awọ ara sì pa dé mọ́ ọn. Láyé ọjọ́sí, bí ènìyàn bá tẹ ẹ̀gún òbòkún mọ́lẹ̀, àdúgbò kò ní fojú kan oorun. Mosún fi tirẹ̀ fo okùn.

Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ náà kó lè dán lójú àwọn ará Orí-Òkè tó fẹ́ wá mú un lọ kọ́ṣẹ́, òórùn kan kọlù ú. Òórùn omi ìfọ-ẹja tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ibùsùn. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ọmọ-ìka kejì ti ní àwọ̀ ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Ẹsẹ̀ náà kò wú rárá. Ó rí pẹlẹbẹ, ó lẹ́wà, ibi ẹwà yẹn gan-an ni ọkàn Àwẹ̀ró ti fò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúnkún Ọlátẹ́jú ṣe lẹ́wà.

Ọlátẹ́jú ni bàbá Mosún. Ìṣó wọ orúnkún rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan ògiri tó ń dá òkun dúró. Ó ń fi orúnkún yẹn gun àkàbà, ó ń fi í ru pákó, ó ń fi í bá ìyàwó rẹ̀ jó. Ẹ̀gbà rẹ̀ ń tan ewé. Ọjọ́ tó ṣubú, ẹsẹ̀ ti jẹrà látinú dé itan, ojú ara kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀ tó ń gbé òkú, iná ewé ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Ilé Ìtura, tó ń bójú tó ẹ̀gbà gbogbo ìlú, ní ara rẹ̀ tutù títí dé òpin. Wọ́n rò pé ìyẹn á tu ìyàwó rẹ̀ nínú.

Ìdí nìyí tó fi mú àlùmọ́gàjí. Ó mọ ohun tí òfin wí: ẹni tó bá já ẹ̀gbà, wọ́n á wà á kọjá sí Àbàtà, níbi tí àwọn aláìlẹ́gbà ń gbé láàárín ẹ̀fọn àti ẹrẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ Orí-Òkè ti gúnlẹ̀ sí èbúté, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ tó yege lọ síbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí wọ́n á ti kọ́ wọn níṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá. Orúkọ Mosún wà nínú àwọn tí wọ́n pè. Ó sì mọ̀ pé ojú ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kọjá. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í kọ́ṣẹ́.

Mosún, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. “Ó fúyẹ́,” ló wí. “Ó dà bíi pé ọwọ́ mi fẹ́ fò lọ.”

Àwẹ̀ró yára lọ sídìí ààrò. Ó gbé omi kaná, ó gbé e sọ̀, ó tún gbé e kaná, ó ju abẹ kan sínú rẹ̀. Ó lọ dé ojú fèrèsé, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó padà. Ó ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Fèrè ọkọ̀ Orí-Òkè dún láti èbúté, fèrè àkọ́kọ́, èyí tó ń sọ fáwọn òbí pé kí wọ́n máa múra.

“Ìyá mi.”

“Hẹn?”

“Ẹnì kan wà nínú ẹsẹ̀ mi.”

Àwẹ̀ró yí padà wìrì. “Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń kànkùn.”

“Jẹ́ kó kàn án.”

“Ó ń kàn án gidi o. Ìyá mi! Ó fẹ́ já ilẹ̀kùn!” Ọmọ náà dìde, ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, igbe kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Àwẹ̀ró kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti wà lọ́mọdé. Nínú ilé kejì, nǹkan bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Rábíù, ó fọ́.

“Mò ń kú ni? Ìyá mi, mò ń kú?”

“O ò ní kú. Ìrora ni. Jókòó, gbé ẹsẹ̀ lé mi lórí itan. Sọ fún mi bó ṣe ń ṣe ọ́. Ṣé ó ń ta ọ́ ni, àbí ó ń ro ọ́, àbí ó ń jó ọ́?”

“Mi ò mọ̀ wọ́n! Èwo ni tita?”

“Bí ìgbà tí tanpẹ́pẹ́ bá géni jẹ.”

“Tanpẹ́pẹ́ kì í géni jẹ.”

“Ó ń gé ọ jẹ, o ò mọ̀ ni. Jíjó wá dà bí ìgbà tí...” Kò sí ohun kan láyé tí Àwẹ̀ró lè fi wé e fún ọmọ náà. Bí ìgbà tí omi gbígbóná bá dà síni lára? Omi gbígbóná ti dà sí Mosún lára rí, ó ń wo bó ṣe ń bó bí ẹni ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bó. “Ó dáa, fi orúkọ sílẹ̀. Ké.”

Mosún ké. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú àwọn méjèèjì, ó ń kún bí ẹ̀kọ ṣe ń kún nínú ìkòkò, awọ ara ń nà, ó ń dán, ó ń pọ́n.

“Ó ti ń tóbi! Kí ló ń wọ inú rẹ̀?”

“Gbọ́ mi. Bí olè bá wọ agboolé kan, tí onílé figbe ta, kí ni àdúgbò ń ṣe?”

“Wọ́n á sáré wá.”

“Àwọn mélòó nínú wọn?”

“Gbogbo wọn ni. Ẹni tó ní igi á mú igi, ẹni tó ní àdá...” Ó fa imú. “Á, ó tún kàn án!”

“Ẹnu ọ̀nà á há. Ooru á mú. Àwo á fọ́. Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ nìyẹn. Ẹ̀gbà ti fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé olè wà nílé ni. Wọ́n ń ya wọ inú ẹsẹ̀ rẹ, òun ló fi ń wú. Èémí wọn ló ń gbóná yẹn. Ariwo wọn lò ń gbọ́, kí ìwọ onílé má baà lọ tẹ ibi tí wọ́n ti ń jà mọ́lẹ̀.”

“Kí wọ́n rọra jà á!”

“Ta ló ń rọra lé olè?”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbà á gbọ́. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún kò gbà á tán. Àwọn tó ṣe Òfin Ara-Tútù kì í ṣe wèrè. Nígbà tí Àwẹ̀ró kéré, ibà kan wọ̀lú tí wọ́n ń pè ní Ibà Ìrunú. Kòkòrò ibà náà kò tó nǹkan. Ara àwọn èèyàn ló bínú sí i kọjá ààlà. Àwọn tó sáré wá lé olè ló wá dáná sun ilé mọ́ onílé lórí. Ìyá Àwẹ̀ró wú lọ́fun, àyà rẹ̀ kún fún omi, ara rẹ̀ gbóná débi pé wọn ò lè gbá a mọ́ra, kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n mú ẹ̀gbà dé, ìlú sì fi ijó pàdé rẹ̀. Àwẹ̀ró náà jó. Ìbínú ara ló pa ìyá rẹ̀, àìbínú ara ló pa ọkọ rẹ̀, ó wá jókòó ti ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí, kò mọ èyí tí ì bá gbàdúrà fún.

Ó wa èédú kan nínú ààrò, ó fi fa ìlà yí ẹsẹ̀ náà ká, lókè ọrùn ẹsẹ̀.

“Kí nìyẹn?”

“Ààlà ni. Bí wíwú yìí bá kọjá ibẹ̀, èmi fúnra mi ni màá lọ bẹ àwọn ará Ilé Ìtura kí wọ́n wá fi ẹ̀gbà pa á.”

Mosún tẹjú mọ́ ìlà náà. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo bí ẹsẹ̀ ṣe ń kànkùn, bẹ́ẹ̀ ló ń wo ìlà, tí ìyá rẹ̀ ń wo ìlà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè wo ibòmíràn.

“Ìyàwó!” Ohùn ọkùnrin ni lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyàwó, tètè ṣílẹ̀kùn, kí n tó máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí.”

Akínlàdé ni, àbúrò Ọlátẹ́jú, ó sì jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ará Ilé Ìtura. Ó kéré sí Àwẹ̀ró lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí Àwẹ̀ró tó wọlé ọkọ, torí náà ìyàwó ló ń pè é. Àwẹ̀ró náà kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ló sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti délé, ẹ̀yin ló sì ń bá a sọ.

“Ẹ káàbọ̀, Adúmáadán.”

“Káàbọ̀ kọ́. Ẹ̀gbà ọmọ yìí ń ké ní ọ́fíìsì wa bí ẹni tí wọ́n ń dúńbú. Níbo ló wà?”

“Inú àmù.”

“Inú...” Ó ṣí àmù, ó wò ó, ó dé e padà. “O fi ohun ìjọba ṣe ẹja.”

“Bàbá Kékeré, ẹ gbà mí!” ni Mosún fi igbe ta. “Wọ́n ń jà nínú ẹsẹ̀ mi!”

Akínlàdé wo ẹsẹ̀ náà, ó fi ẹ̀yìn rìn dé ògiri. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ara wíwú ló ń lé, kò sì tíì fojú kan ara tó wú rí. “Kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni.”

“Ó ti di ti erin!”

“Ẹ̀gún òbòkún ló wọ̀ ọ́.”

Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó fa ẹ̀gbà tuntun kan yọ lápò, iná rẹ̀ kò tíì tàn. “Gbọ́ mi, ìyàwó. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀gbà náà bàjẹ́ ni. Ẹ̀gbà máa ń bàjẹ́. Bí mo bá fi èyí sí i lọ́wọ́ báyìí, kí fèrè ìkẹyìn tó dún, wíwú yẹn á ti rọ̀, á gba ojú ẹ̀rọ kọjá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Bí ọkọ̀ bá fi lọ láìgbé e, irọ́ mi tán nìyẹn. Èmi kan náà ni màá wà yín kọjá sí Àbàtà. Mi ò ní lè rán ẹlòmíràn.”

“Ẹ̀gún tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n á yọ ọ́ ní Orí-Òkè.”

“Níbo ni wọ́n máa ti rí i? Ooru ni ẹ̀rọ yín fi ń ríran, ẹ óò sì ti pa ooru. Mo fi abẹ́rẹ́ wá a láàárọ̀ yìí níbi tó gbà wọlé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ń rìn kiri. Ẹ̀gbọ́n yín náà, ṣebí wọ́n ní ẹ̀rọ á rí ohun tó bá wọ̀ ọ́ lára, kò sì rí ìṣó rẹ̀.”

“Má fi ẹ̀gbọ́n mi bú mi.”

“Mi ò bú yín. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni.”

“Ìyá rẹ wá ńkọ́?” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ fún mi bó ṣe kú? Ìwọ lo ní kò sí ẹranko tó burú tó ara tó ń bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀.”

Àwẹ̀ró wo ìlà èédú náà. Ó dìde, ó tún jókòó.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sí mi,” ni Mosún wí. Ẹkún ti sọ ohùn rẹ̀ di ti ọmọ kékeré. “Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní fo okùn mọ́. Mi ò ní bá wọn ṣa ẹja mọ́. Mo ti gbọ́, ẹ ní kó dáwọ́ dúró.”

Ọmọ náà rò pé ìyà ni ìyá òun fi ń jẹ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àwẹ̀ró níbi tí ẹ̀gbà kankan kò lè dé.

Fèrè kejì dún. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń dún gbìgbì kọjá lójú pópó, àwọn ìyá wọn ń sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n ń kígbe orúkọ, wọ́n ń pè wọ́n padà wá gba oúnjẹ ọ̀nà. Akínlàdé bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí ọrùn ẹsẹ̀ Mosún.

“Ta ló fa ìlà yìí?”

“Èmi ni.”

“Kí lo ní ó máa jẹ́?”

“Ààlà ni, kí wíwú má kọjá ibẹ̀.” Àwẹ̀ró wò ó. Wíwú náà ti fẹnu kan èédú. Ní apá kan, ó ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

“Ó ti dé ibẹ̀, ìyàwó.”

“Ó dé ibẹ̀. Kò tíì kọjá.”

“Ìyàwó!”

Àwẹ̀ró gba ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ Akínlàdé. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé ẹ̀gbà lé ọrùn ọwọ́ náà, ó kù kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Bó bá pa á dé, igbe yìí á dákẹ́, ọmọ rẹ̀ á nu ojú, á gbé àpò rẹ̀, á sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lọ sí èbúté pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó lẹ́wà.

“Mosún,” ló wí. “Kí n tó pa á dé, fi ìka hàn mí. Ìka kan ṣoṣo. Níbo ni ariwo wọn ti pọ̀ jù?”

Gbogbo ẹsẹ̀ náà ló ń pariwo. Mosún di ojú, ó gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ohùn nínú ọjà, ó sì na ìka. Kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí ẹ̀gún gbà wọlé. Kì í ṣe ọmọ-ìka tó dúdú. Ẹ̀yìn kókósẹ̀ ni, níbi tó jin kòtò nínú lọ́hùn-ún, tí kò sẹ́ni tó ronú kàn.

Àwẹ̀ró gbé ìka lé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ọmọ náà kérora. Ó sún ìka síwájú díẹ̀. Ọmọ náà fò sókè lórí àpótí, igbe rẹ̀ sì là á mọ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni. Abẹ́ ìka Àwẹ̀ró rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù. Àdúgbò ti ká olè mọ́ igun ilé. Wọ́n ti yí i ká, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn.

Ó gbé ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ó fi lé ilẹ̀.

“Ẹ bá mi dì í mú, Adúmáadán.”

“Ìyàwó, èmi kọ́...”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. Ẹ dì í mú.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀gbà sí i. Lẹ́yìn náà o lè là á, kò ní mọ̀.”

“Bí kò bá mọ̀, báwo lèmi ṣe máa mọ̀ pé mo ti débẹ̀?”

Akínlàdé kúnlẹ̀. Ó fi apá méjèèjì gbá ọmọ náà mọ́ àyà bí ẹni tó gbá iná mọ́ra. Àwẹ̀ró yọ abẹ kúrò nínú omi tó ń hó, ó mú ẹsẹ̀ náà sáàárín orúnkún rẹ̀, ó là á. Mosún kò ké mọ́, ó ń bú ramúramù bí ẹran. Ọyún tú jáde, ó ṣe wàrà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, Ìyá Rábíù sì fọn imú ní ilé kejì. Àwẹ̀ró ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ó ń tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, ibi tí igbe ọmọ bá darí ọwọ́ rẹ̀ sí ló ń tẹ̀. “Ibẹ̀ kọ́,” ni igbe ń wí. “Ibẹ̀ kọ́. Ibẹ̀!” Nǹkan líle kan rá wá sábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó fi èékánná gbá a mú, ó fà á. Ẹ̀gún òbòkún, ó gùn, ó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ayùn, ó ti dúdú.

Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ tẹ̀lé e jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mí bí ẹni tó gun òkè.

Akínlàdé ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó ṣa ẹ̀gbà nílẹ̀. “Ó ti jáde. Ó ti tán. Fi èyí sí i lọ́wọ́, èmi á gbé e kọ́rùn, màá sáré.”

“Olè ti jáde. Àwọn tó kó wọlé ṣì wà níbẹ̀.” Àwẹ̀ró ń wo ọmọ-ìka tó dúdú. “Bí ẹ bá lé àdúgbò lọ sílé báyìí, ta ló máa kó wọn jáde?”

“Ọdún kan gbáko ni ká tó tún rí ọkọ̀. Wọn kì í sì í pe aláìlẹ́gbà. O mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ìwọ ni ọmọ yìí máa bi.”

“Kó bi mí. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń béèrè.”

Fèrè ìkẹyìn dún, ó gùn, ó ń mì páànù ilé. Mosún gbé orí sókè. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún mìíràn, ẹkún tó yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀, tí kò ní igbe nínú. Àwẹ̀ró dì í mú, kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Akínlàdé tẹ ẹ̀gbà sínú àpò rẹ̀, ó wá ní, “Ẹ máa di ẹrù.”

Nígbà tí oòrùn fi yí sí apá ìwọ̀, ọkọ̀ Orí-Òkè ti kéré bí igbá lójú òkun. Wíwú ẹsẹ̀ Mosún kò kọjá èédú. Ó ti fà sẹ́yìn díẹ̀, ìlà èédú náà sì ti dá wà. Ọmọ náà ní ó ṣì ń kànkùn, àmọ́ ó dà bíi pé ẹni tó ń kàn án ti rẹ̀. Ìyá Rábíù kò jáde, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìkòkò ẹja yíyan kan sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó sì ti sá wọlé.

Ẹ̀yìn ilé ni Akínlàdé so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sí. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí afárá pákó, ó ki okùn ọkọ̀ mọ́wọ́ kó má baà yí. Àwẹ̀ró fẹ́ gbé Mosún pọ̀n.

“Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan rìn,” ni ọmọ náà wí. Ó ṣì ń bínú sí i, kò wojú rẹ̀.

Ó di èjìká ìyá rẹ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ dì sókè, ó fi ẹsẹ̀ tó dá bọ́ sórí afárá.

“Yéè!” Ó ta pọ́n-ún sẹ́yìn sínú òjìji ilé. Ó tẹjú mọ́ pákó náà bí ẹni tó rí ejò. “Kí ló ṣe é? Ìyá mi, pákó yìí gbóná! Ẹ fọwọ́ kàn án!”

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí pákó tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀. Ẹ̀gbà tirẹ̀ ṣì ń tan ewé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ṣé ó ti ń gbóná báyìí látọjọ́ yìí?”

“Bí ìwọ bá ní ó gbóná,” ni Àwẹ̀ró wí, “ó gbóná ni.” Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi tẹ́ ojú ọ̀nà fún un.

Akínlàdé wo ọmọ tó wà nínú òjìji. Ó wo oòrùn. Ó ti pẹ́ tó ti dúró lórí afárá náà, okùn lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò.